Orí Kẹfà: Fóònù àti Ìpáyà Àwùjọ Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́ Etíkun Ìlàjẹ

Ohun tí ìpáyà àwùjọ jẹ́

Ìpáyà àwùjọ ni orúkọ tí orí yìí yóò máa lò fún ẹ̀rù líle tí kì í tètè lọ, tí ó máa ń mú ènìyàn níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè wò ó, tí wọ́n ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti lè ṣe ìdájọ́ ìwà rẹ̀. Ẹni tí ó ní in kò bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni yóò lu òun. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni pé ohùn òun yóò gbọ̀n, pé ọ̀rọ̀ yóò há òun lọ́fun, àti pé àwọn tí ń wo òun yóò fi òun rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n ka òun sí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan. Kí ó tó dé ibẹ̀ rárá ni àyà rẹ̀ yóò ti máa lù kìkì, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò ti máa làágùn, tí inú yóò sì máa yí i. Ìtìjú lásán yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé ìtìjú ọmọ tí ó dé ilé àlejò a máa lọ bí ó bá pẹ́ díẹ̀, kì í sì í dí i lọ́wọ́ láti lọ sí ilé ìwé tàbí láti ra ọjà. Ìwé ìtọ́sọ́nà DSM-5, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2013, sọ pé ẹ̀rù náà gbọ́dọ̀ ti wà fún nǹkan bí oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì ti máa dí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ìbáṣepọ̀ lọ́wọ́, kí a tó lè pè é ní àìsàn.

Àìsàn yìí ti wà kí fóònù tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Pierre Janet, oníṣègùn ará Faransé, ti kọ̀wé nípa irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni Isaac Marks yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀rù mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ inú ìwé DSM ní 1980. Ní Nàìjíríà, Tolulope Bella àti Olayinka Omigbodun ṣe ìwádìí láàárín 500 akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009: nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́, 9.4 ni ó ti ní ìpáyà àwùjọ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé ayé, 8.5 sì ní in láàárín ọdún kan tí ó ṣáájú ìwádìí náà, bẹ́ẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sábà máa ń bá a rìn. Ọdún 2009 yìí kan náà ni a dá WhatsApp sílẹ̀, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè di ẹ̀rù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ru ìkànnì náà. Iye tí Bella àti Omigbodun rí ga ju ti gbogbo àgbàlagbà lápapọ̀ lọ, nítorí pé àkójọ ìwádìí káàkiri àgbáyé tí ó jáde ní 2017, tí ó kan ènìyàn tí ó lé ní 140,000, rí i pé nǹkan bí 4 nínú 100 ni ó máa ń ní in nígbà kan ní ìgbésí ayé wọn, àti pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, iye náà kò ju 1.6 lọ.

Ohun tí ó jọ ara wọn níbi gbogbo ni ọjọ́ orí tí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ń bàlágà ni, nígbà tí ó tó nǹkan bí ọdún 13, tí èrò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju èrò àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ọjọ́ orí yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ́kọ́ ní fóònù tiwọn, tàbí kí wọ́n máa yá ti ẹ̀gbọ́n wọn lò. Ìdí nìyí tí àwọn òbí fi máa ń so méjèèjì pọ̀, tí wọ́n á sì ní fóònù ni ó ba ọmọ àwọn jẹ́. Kí a tó lè mọ ibi tí òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn àti ibi tí kò sí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń mú kí ẹ̀rù yìí dúró pẹ́.

Ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rù náà lọ

Ní 1995, David Clark àti Adrian Wells, onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àlàyé kan tí àwọn oníṣègùn ṣì ń lò títí di òní. Wọ́n ní bí ẹni tí ó ní ìpáyà àwùjọ bá ti dé àárín ènìyàn, kì í wo àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ni ó máa ń yí ojú wò, tí yóò máa ṣọ́ ohùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti òógùn iwájú orí rẹ̀, tí yóò sì máa rò pé bí ẹ̀rù ṣe ń ṣe òun nínú gẹ́lẹ́ ni ó ṣe hàn síta. Lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hu ohun tí a lè pè ní ìwà ìdáàbòbò, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tí ó ń ṣe kí àṣírí ẹ̀rù rẹ̀ má baà tú: yóò wo ilẹ̀, yóò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, yóò jókòó sẹ́yìn, tàbí kí ó kọ́ gbogbo gbólóhùn sórí kí ó tó yanu. Nígbà tí ó bá sì padà dé ilé, yóò tún gbogbo ìpàdé náà rò látòkè délẹ̀, àṣìṣe nìkan ni yóò sì rántí.

Ìyẹra ni olórí nínú gbogbo rẹ̀. Nínú ọpọlọ ni ẹ̀yà kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amygdala, tí ó wà lára àwọn ẹ̀yà tí ń ta ara jí sí ewu kí ènìyàn tó ronú dé ibẹ̀ pàápàá. Ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń kọ́ pé ibì kan kò léwu ni pé kí ènìyàn dúró níbẹ̀ títí yóò fi rí i pé ohun tí òun ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀, tàbí pé ó ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n kò pa òun. Ẹni tí ó bá sá kúrò kò ní rí ẹ̀kọ́ náà kọ́. Ohun tí yóò kọ́ ni pé sísá ni ó gba òun là. Bí gbèsè tí a ń sún ọjọ́ sísan rẹ̀ síwájú ni ọ̀rọ̀ náà rí: ara a tu onígbèsè lọ́jọ́ tí wọ́n bá sún un fún un, ṣùgbọ́n èlé ń gorí èlé. Èyí ni ó yẹ kí òbí àti olùkọ́ mú dání bí wọ́n bá ń wo ọ̀dọ́ tí ó tẹjú mọ́ fóònù: ṣé ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ ń mú un sún mọ́ àwọn ènìyàn ni, àbí ó fi ń yẹra fún wọn?

Ohun tí fóònù fi kún un

Nígbà tí ẹ̀rọ GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ohùn ni ènìyàn fi ń lò ó jùlọ, nítorí náà ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibi sá sí nínú rẹ̀. Fóònù tí a ń tẹ ojú rẹ̀ ni ó yí ìyẹn padà. Ọ̀dọ́ lè ra ọjà, kí ó tọrọ ìyọ̀ǹda, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó sì kọ ẹnu ìfẹ́ sí ọmọbìnrin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó lè pa ohun tí ó kọ rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó fi ránṣẹ́. Fún ẹni tí àyà rẹ̀ balẹ̀, ìrọ̀rùn lásán ni èyí. Fún ẹni tí ó ní ìpáyà àwùjọ, ìwà ìdáàbòbò tí Clark àti Wells ṣàpèjúwe ni, ó sì lágbára ju wíwo ilẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ohun kejì ni pé fóònù sọ èrò àwọn ènìyàn di ohun tí a lè kà. Láyé àtijọ́, ọ̀dọ́ kò lè mọ iye ẹni tí aṣọ rẹ̀ wù, ó kàn ń fojú bù ú ni. Láti 2009 tí Facebook ti fi bọ́tìnnì ìfẹ́ràn sábẹ́ àwòrán àti ọ̀rọ̀, nọ́ńbà ni ó ń sọ ọ́ fún un, ojú gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tó nọ́ńbà náà. Ní oṣù kọkànlá 2014 ni WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì méjì aláwọ̀ búlúù hàn pé wọ́n ti ka iṣẹ́ tí a rán, èyí sì sọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ di ohun tí ó nítumọ̀: ó ti kà á, kò dáhùn. Leon Festinger, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ní 1954 pé nígbà tí ènìyàn kò bá ní òṣùwọ̀n mìíràn, ara àwọn ẹlòmíràn ni ó máa ń fi díwọ̀n ara rẹ̀. Àwọn tí ọ̀dọ́ ìgbà náà lè fi díwọ̀n ara rẹ̀ kò ju àwọn tí ó mọ ilé wọn, tí ó mọ àìní wọn, tí ó sì ti rí ẹkún wọn rí. Lónìí, àwọn tí ó ń rí ni àwọn tí wọ́n ti yan àwòrán tí ó dára jù nínú ogún, tí wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ tún awọ ojú ṣe.

Ohun kẹta ni pé ìtìjú kò tètè di ohun ìgbàgbé mọ́. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì gbàgbé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí ẹnì kan bá ti ká a sínú fídíò, ẹni tí ó máa ń tún àṣìṣe rẹ̀ rò lóru ti wá ní ohun tí yóò máa wò.

Abereke àti àwọn ìlú orí omi

Abereke wà ní etíkun ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tí Igbókọ̀dá jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iṣẹ́ ẹja ni olórí iṣẹ́ àgbègbè náà, ọkọ̀ ojú omi sì ni ènìyàn ń wọ̀ dé ọjà, dé ilé ìwé àti dé ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìlú etíkun yìí ti fi wà láìrí iná ìjọba, débi pé jẹnẹrétọ̀ àti sólà ni wọ́n fi ń cháàjì fóònù, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì a sì máa wá, a sì máa lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ìpáyà tí fóònù ń dá kún jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Èkó tí dátà kì í tán lọ́wọ́ wọn, ó yẹ kí ó wo irú ìlú báyìí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ohun tí fóònù ń gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ àti ohun tí ó ń fún un ti hàn kedere jù.

Ìgbésí ayé orí omi kò fún ènìyàn láyè púpọ̀ láti sá fún ojú. Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí ń lọ sí Igbókọ̀dá, orúnkún kan orúnkún ni èrò ń jókòó, ìkíni sì ni ó máa ń ṣáájú. Bí wọ́n bá ń tún àwọ̀n ṣe, bí wọ́n bá ń sá edé tàbí yan ẹja, ọ̀rọ̀ kì í dá lẹ́nu wọn. Ọmọ tí ó ń tijú yóò kí àgbà, yóò dáhùn ìbéèrè nípa bàbá rẹ̀, yóò ná ọjà, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni béèrè bóyá ó wù ú. Láìmọ̀, ohun tí àwọn oníṣègùn ń fi ìṣọ́ra tò fún aláìsàn ni ìlú ń fún un lójoojúmọ́: kí ó dúró níwájú ojú títí ẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀. Íápíìsì tí ọ̀dọ́ fi sétí nínú ọkọ̀ lè gba gbogbo èyí lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí dátà rẹ̀ ti tán, tí orin tí ó ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ́. Nítorí náà, wákàtí tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó láti fi mọ ohun tí fóònù ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìkíni yìí ní ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Láàárín àwọn Yorùbá, ìkíni jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ilé, ọmọ tí kò bá sì kí ènìyàn ni a ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí ó ní ìpáyà àwùjọ, tí ó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má baà pàdé àwọn ìyá tí ó jókòó ní èbúté, yóò gba ẹ̀bi ìgbéraga sí i lórí, ẹ̀bi náà yóò sì tún sọ ìpàdé tí ó ń bọ̀ di èyí tí ó nira jù. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà rárá lè máa gba oríyìn pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ẹ̀rù ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí fóònù wá wọ ọ̀rọ̀ náà, òun ni gbogbo ojú lọ sí. A gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú fóònù kò sì kúrò níbi tí ó wà.

Àìdúró-sójúkan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́ Abereke bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tí èsì kò dé, ìdí tí ó sábà máa ń fà á ni pé bátìrì ti kú, tàbí pé kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbi tí ẹni náà wà. Ẹni tí ó ní ìpáyà àwùjọ mọ èyí, síbẹ̀ ìtumọ̀ tí ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mú ni pé òun ti sọ ohun tí kò yẹ. Nígbà tí iná bá sì dé lálẹ́, tí iṣẹ́ ogún wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè di pé ó bẹ̀rù láti ṣí wọn.

Fún ọ̀dọ́ tí ó bá kúrò nílé lọ sí ilé ìwé ní Igbókọ̀dá, tàbí sí yunifásítì tí ó wà ní Òkìtìpupa, tàbí sọ́dọ̀ ẹbí ní Èkó, èdè tún di ẹrù. Ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ yàtọ̀ sí Yorùbá tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ ìlú ńlá ń sọ; ọmọ tí wọ́n bá ti fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan yóò rí i pé kíkọ ọ̀rọ̀ kò ní ohùn, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ibi tí òun ti wá. Ṣùgbọ́n fóònù yìí kan náà ni ó ń jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn ilé, kí ó fi Ìlàjẹ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ lórí WhatsApp. Ohun pàtàkì ni èyí ní etíkun tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀: ní Ayétòrò, ìlú tí a dá sílẹ̀ ní 1947, ọ̀pọ̀ ilé ni omi ti gbé lọ, tí àwọn ẹbí sì ti túká. Níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọdé kò ti sí ní ìtòsí mọ́, fóònù ni ó so wọ́n pọ̀.

Ohun tí ìwádìí ńlá fi hàn

Amy Orben àti Andrew Przybylski ti Oxford tẹ ìwádìí kan jáde ní 2019 lórí ọ̀dọ́ 355,358 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé nínú gbogbo ohun tí ó mú kí àlàáfíà ọkàn ọ̀dọ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ìlò ẹ̀rọ ayélujára kò ju ìdá 0.4 nínú 100 lọ. Ní 2023, Vivek Murthy, tí ó jẹ́ olórí àwọn dókítà ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde ìkìlọ̀ fún gbogbo ará ìlú, ó sì tọ́ka sí ìwádìí tí ó so lílo ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́ pọ̀ mọ́ ìlọ́po méjì ewu ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìpáyà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta kora tó bí ó ṣe jọ. Ìṣirò Orben àti Przybylski da gbogbo ọ̀dọ́ pọ̀, ẹni tí ó ń fi fóònù ta ẹja àti ẹni tí ó ń fi í sá fún ọjà, èrè ẹnì kan a sì máa bo àdánù ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Bákan náà, pé ẹni tí ó ń lò ó púpọ̀ ní ìpáyà kò fi hàn pé ìlò náà ni ó fa ìpáyà, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù ènìyàn ń bà ni ó ní ìdí jùlọ láti dúró sórí fóònù. Ohun tí ó bá àlàyé Clark àti Wells mu ni pé ọ̀nà méjèèjì ni ó ń gbà: ẹ̀rù a máa lé ọ̀dọ́ sórí fóònù, ìyẹra tí fóònù fún un a sì máa bọ́ ẹ̀rù náà.

Ìtọ́jú àti iṣẹ́ ìdílé

Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni ìtọ́jú ìrònú àti ìwà, èyí tí ìwé ìtọ́sọ́nà NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣáájú ní 2013 fún àgbàlagbà àti fún ọmọdé. Nínú rẹ̀, olùtọ́jú yóò ní kí ọ̀dọ́ sọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí ó ṣe ohun tí ó ń bẹ̀rù láìlo ìwà ìdáàbòbò, kí ó sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wé ohun tí ó ti rò. Láti orí èyí tí ó rọrùn ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀dọ́ etíkun, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí fífi ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kíláàsì lórí WhatsApp láìtún un gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tẹ̀ síwájú sí pípe ẹni tí ó máa ń kọ̀wé sí, kí ó yọ íápíìsì létí nínú ọkọ̀ kí ó sì dáhùn bí wọ́n bá kí i, kí ó dá ná ọjà ní Igbókọ̀dá, kí ó na ọwọ́ béèrè ìbéèrè ní kíláàsì, títí yóò fi lè ka Bíbélì sókè níwájú ìjọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kò ní èsì náà wúlò: a ó ní kí ó kọ ìdí mẹ́ta tí èsì fi lè pẹ́, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni náà nígbà tí wọ́n bá pàdé. Níbi tí bátìrì àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í ti í dúró, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ìdí tí ọkàn òun ń mú kì í sábà jẹ́ òtítọ́.

Ẹ̀rọ náà lè jẹ́ apá kan ìtọ́jú. Ní Swídìn, Gerhard Andersson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2006 lórí ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ 9 tí àwọn aláìsàn gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olùtọ́jú ń kọ̀wé sí wọn, tí wọ́n sì tún pàdé lójúkojú láti jọ dán ẹ̀rù wọn wò. Ẹ̀rù náà dínkù gidigidi. Ní Ọsirélíà, Nickolai Titov rí irú èsì bẹ́ẹ̀ ní 2008. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé àwọn ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ń rán aláìsàn jáde lọ bá ènìyàn ni. Àwọn àgbà ti ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ìtọ́jú yìí náà kò sì parí sórí ojú fóònù.

Ọ̀nà jíjìn ni ìrànlọ́wọ́ wà fún àwọn ará Abereke. Ìwádìí tí Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006 lórí àgbàlagbà 4,984 ní Nàìjíríà fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn ọkàn wọn le, nǹkan bí 8 péré nínú 100 ni ó rí ìtọ́jú gbà láàárín ọdún kan. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí dókítà ọpọlọ láti etíkun yóò ṣì wọ ọkọ̀ dé Igbókọ̀dá kí ó tó gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Nítorí èyí, ìdílé àti olùkọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀: ọmọ tí ó ń wá àwáwí kí ó má lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n ó pè é síwájú, tí ó ń rán àbúrò rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ tí ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu, tí kò sì jẹun níbi tí ènìyàn wà. Bí èyí bá ti tó oṣù 6, ó tó ohun tí a ń mú lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí dókítà yóò ti pinnu bóyá ọmọ náà nílò oògùn pẹ̀lú ìtọ́jú ìrònú àti ìwà.

Gbígba fóònù lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójijì kì í ṣe ìtọ́jú, nítorí pé ó lè gé e kúrò lára ọ̀rẹ́ méjì tí ó kù fún un láìkọ́ ọ bí yóò ṣe bá ẹni kẹta sọ̀rọ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí òbí kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ ń fi fóònù yẹra fún, kí ó sì bá a ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ó dúró tì í lẹ́ẹ̀kejì, kí ó sì jẹ́ kí ó dá a ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ọmọ bá ti lè ṣe é, a lè wá sọ̀rọ̀ nípa iye wákàtí tí ó yẹ kí ó máa lò lórí fóònù.